Àdéhùn àti Ìjákulẹ̀: Yunifásítì Notre Dame àti Àwọn Akọ́nimọ̀ọ́gbá Rẹ̀, 1981–2009

1.0 Ìfáàrà

Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù yunifásítì kọjá eré lásán. Iyì ilé-ẹ̀kọ́ àti owó àwọn olùrànlọ́wọ́ rọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ́ bá ń fìdí rẹmi, ìbéèrè tí ó máa ń jẹyọ ni pé ṣé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, tàbí kí wọ́n mú sùúrù fún un. Pépà yìí yẹ ìdáhùn Notre Dame, yunifásítì Kátólíìkì ní ìpínlẹ̀ Indiana, wò. Èrò rẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n tí àwọn aláṣẹ lò ṣe pàtàkì ju iye ìdíje tí ẹgbẹ́ borí lọ.

2.0 Gerry Faust, 1981–1985

Ilé-ẹ̀kọ́ girama Moeller ní Cincinnati ni Faust ti wá. Kò darí ẹgbẹ́ yunifásítì kankan rí. Àdéhùn ọdún 5 ni wọ́n bá a ṣe. Ní sáà 3 àkọ́kọ́, ó borí 18, ó pàdánù 15, ó sì gba ọ̀mì 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo pé kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n Fadá Theodore Hesburgh tí í ṣe Ààrẹ, àti Fadá Edmund Joyce, kò yẹ àdéhùn. Faust fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1985, kí Miami tó fi 58 sí 7 na ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdíje ìkẹyìn.

Lou Holtz rọ́pò rẹ̀, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní orílẹ̀-èdè ní 1988. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe ẹ̀rí pé sùúrù ń mú ìṣẹ́gun wá ti ṣì í mú. Ọdún 5 kò sọ Faust di ọ̀gá. Ẹlòmíràn ni ó gba oyè. Ohun tí sùúrù náà fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ṣeé gbára lé.

3.0 Tyrone Willingham, 2002–2004

Willingham ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ nínú eré ìdárayá èyíkéyìí. Àdéhùn ọdún 6 ni tirẹ̀. Láàárín sáà 3, ó borí 21, ó pàdánù 15: ó sàn ju ti Faust lọ. Síbẹ̀, wọ́n lé e ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá 2004. Kevin White, olùdarí eré ìdárayá, gbà pé láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ Willingham kò lẹ́gbẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìdíje, ni ìṣòro wà. Fadá Edward Malloy, tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, sọ ní gbangba pé ìpinnu náà dójú ti òun.

Lóòótọ́, àwọn ìpàdánù kan burú jáì, àwọn aláṣẹ sì ń wá Urban Meyer, ẹni tí ó yan Florida níkẹyìn. Àkọsílẹ̀ yìí nìkan kò tó láti fi dájọ́ pé nítorí àwọ̀ ni wọ́n ṣe lé Willingham. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n bá kúrú nígbà tí ó kan ènìyàn dúdú àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó lè dá ìbéèrè náà lẹ́kun.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìkánjú náà kò tán síbẹ̀. Kí sáà àkọ́kọ́ Charlie Weis tó parí ní 2005, wọ́n ti fún un ní àdéhùn ọdún 10 tuntun; wọ́n lé e ní 2009, owó tí wọ́n san fún un sì sún mọ́ mílíọ̀nù 19 dọ́là. Ìkánjú léni àti ìkánjú yinni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ti pinnu ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e.