Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Lòdì sí Họ́móònù: Ìtàn Ilé-Ẹyin Àgùntàn àti Màlúù ní Ọsirélíà

Dídènà àrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́. Ní Ọsirélíà, ní ohun tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀sìn lò ó fún iṣẹ́ mìíràn: wọ́n kọ́ ara ẹran láti bá họ́móònù tirẹ̀ jà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ara kì í sábà gbógun ti ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, androstenedione tí ilé-ẹyin abo àgùntàn ń pèsè sì kéré débi pé ara kò lè kà á sí àjèjì. Ọgbọ́n tí àwọn olùwádìí CSIRO, àjọ ìwádìí ìjọba Ọsirélíà, dá ni pé wọ́n so ó pọ̀ mọ́ albumin, èròjà kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nígbà tí ara àgùntàn dojú ìjà kọ àlejò yìí, ó bá ohun tí àlejò pọ̀n sẹ́yìn jà pẹ̀lú. Ní ọdún 1983 ni oògùn náà dé ọjà, Fecundin ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún kìíní, abẹ́rẹ́ méjì ni àgùntàn ń gbà kí wọ́n tó da àgbò sínú agbo. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan lọ́dọọdún.

Àgùntàn tí ì bá tú ẹyin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú méjì, ìbejì sì pọ̀ sí i nínú agbo. Àlàyé tí ó kọ́kọ́ tẹ́ àwọn onímọ̀ lọ́rùn ni pé androstenedione ni ilé-ẹyin fi ń ṣe estrogen, estrogen ni ó sì ń fi ìjánu sí FSH, họ́móònù tí ń mú ẹyin dàgbà. Bí ìjánu bá já, FSH yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn FSH inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n bá a pé ó pọ̀ sí i. Oògùn ṣiṣẹ́, àlàyé rẹ̀ kò pé.

Koríko ni ó dá ẹjọ́ yòókù. Oúnjẹ tí abo olóyún ìbejì nílò ju ti olóyún ọmọ kan lọ. Ọmọ ìbejì a máa fúyẹ́, òtútù àti ebi a sì tètè pa á. Níbi tí koríko ti wọ́n, àfikún ẹyin kò di àfikún ẹran. Olùsìn tí ó ka ọmọ ní ọjọ́ ìbí nìkan ti yára kà á.

Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà, òdìkejì ni àwọn ọlọ́màlúù ń wá. Wọn kò fẹ́ kí abo tí wọ́n ń bọ́ fún títà lóyún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi ń yọ ilé-ẹyin rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni ilé-ìwádìí Andrew Schally ní Amẹ́ríkà ti tú àṣírí bí GnRH ṣe rí, èyí tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún gbogbo iṣẹ́ náà. Vaxstrate, àjẹsára tí ó dojú kọ GnRH, jáde fún màlúù. Ilé-ẹyin dákẹ́, abo kò wá akọ mọ́. Àmọ́ abẹ́rẹ́ méjì ni ó gbà, kíkó màlúù tí ó fọ́n káàkiri pápá jọ lẹ́ẹ̀mejì kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, Vaxstrate ti kúrò lọ́jà. Ní ọdún 1998, irú àjẹsára kan náà, Improvac, jáde ní Ọsirélíà fún akọ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì tàn dé ilẹ̀ mìíràn. Inú ọgbà ni ẹlẹ́dẹ̀ wà, ọwọ́ tètè tó o.