Wákàtí Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Bàálù

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ní bàálù kékeré àti àwọn tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti pé 2,000 wákàtí, ọjọ́ rẹ̀ ti pé nìyẹn: kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò ló ṣeé fọkàn tán jù lọ, pé kò yàtọ̀ sí tuntun. Kì í ṣe ẹnu òpè nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Awakọ̀ tó gbówọ́ ń sọ ọ́, ẹni tó ń ta bàálù sì ń fi í polówó ọjà. Èrò náà kò ṣàìní ìdí, torí ìbẹ̀rù ló bí i, ìbẹ̀rù sì yẹ ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí òfurufú. Síbẹ̀, apá méjèèjì rẹ̀ ni kò tọ̀nà, apá kejì sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iye wákàtí yẹn ti wá. Ilé-iṣẹ́ Lycoming, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní Williamsport ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìwé kan tó ń jẹ́ Service Instruction 1009. Inú rẹ̀ ló ti kọ wákàtí tó dámọ̀ràn kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan palẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú ìdílé O-320 àti O-360, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Cessna 172 àti Piper Cherokee, 2,000 ló kọ síbẹ̀. O-320 yìí náà ló wà nínú bàálù Tampico tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Zaria fi kọ́ àwọn awakọ̀ Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lóòótọ́, iye náà kì í ṣe àbá lásán. Àwọn tó rọ irin ẹ́ńjìnnì yẹn ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ ohun mìíràn tí àwọn èèyàn máa ń fò kọjá: bí wákàtí kò bá tiẹ̀ pé, bí ọdún 12 bá ti pé, àsìkò ìtúpalẹ̀ ti tó. Bó bá jẹ́ pé wákàtí nìkan ló ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ni ọdún ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé kì í ṣe ìlò nìkan ló ń ba irin jẹ́. Ìjókòó lásán náà ń bà á jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, kò sì sí òfin tó sọ ìmọ̀ràn yẹn di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń fi bàálù kó èrò fún owó níbẹ̀ wà lábẹ́ ìlànà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa bàálù ara rẹ̀ fún ìrìn àjò tirẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ ni òfin fi dè é, kì í ṣe 2,000 wákàtí. Ẹni tó bá ń sọ pé "òfin ní kí n tú u" ti gbé ìmọ̀ràn sórí àga òfin.

Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan pàtó nínú ẹ́ńjìnnì Lycoming yìí. Òkè ni kámúṣáfìtì rẹ̀ wà, lórí kiráńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì tí kiráńkì ń fọ́n ká ló ń rin ín. Bí wọ́n bá pa á tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ọ́ìlì náà á máa ro sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí irin kámúṣáfìtì á fi wà níhòòhò. Omi inú afẹ́fẹ́ á wá bà lé e, ìpẹtà á sì yọ tó-tò-tó lójú irin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún tan ẹ́ńjìnnì náà, ibi tó pẹtà yẹn á máa ha irin tó wà lórí rẹ̀, títí ojú irin méjèèjì á fi máa ṣí bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ 900 wákàtí péré, tó wá jókòó fún ọdún mẹ́ta létí òkun ní Florida, lè ti bàjẹ́ ju èyí tó ti ṣe 2,300 wákàtí lọ nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tan án lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń ka wákàtí nìkan á ra èyí tó pẹtà, á sì ju èyí tó yè nù.

Èyí mú wa dé apá kejì. A gbà pé àtúnṣe tó péye ń fún ẹ́ńjìnnì tó gbó ní agbára. A gbà pé rínìngì tuntun, bẹ́ríìnì tuntun àti fáàfù tuntun sàn ju èyí tó ti jẹ lọ. Ṣùgbọ́n pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tò kò sọ pé ewu ti tán. Ìtàn ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ fi èyí bẹ̀rẹ̀. Charlie Taylor, mẹkáníìkì tó ń bá Wilbur àti Orville Wright ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì tó gbé wọn fò ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá 1903. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń dán an wò ní Oṣù Kejì ọdún yẹn, bẹ́ríìnì rẹ̀ há, ara ẹ́ńjìnnì náà sì fọ́. Àfìgbà tí wọ́n rọ ara mìíràn kí Taylor tó rí nǹkan tún tò. Tuntun ni ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó fọ́. Kò tíì gbé ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní ìyẹn ti pẹ́ jù, kó wá sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. C. H. Waddington, onímọ̀ nípa ohun alààyè, wà lára àwọn onímọ̀ tó ń bá ẹ̀ka Coastal Command ti ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́. Wọ́n ka iye ìgbà tí bàálù wọn ń bàjẹ́, wọ́n sì fi wé ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní 50 wákàtí sí 50 wákàtí. Ẹni tó gbà pé títú palẹ̀ ló ń mú àlàáfíà wá á retí pé kí ìbàjẹ́ kéré lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó sì máa pọ̀ sí i bí wákàtí ti ń lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Gbàrà tí bàálù bá kúrò lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ni ìbàjẹ́ ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni yóò máa dín kù. Ìwé tí Waddington kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1973.

Ní 1978, Nowlan àti Heap, òṣìṣẹ́ United Airlines, tún kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí fún ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 11 nínú 100 péré ni ewu ìbàjẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ bó ti ń dàgbà. Ìdá 68 ló jẹ́ pé ìgbà tó wà ní tuntun ló léwu jù. Mo fẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Ẹ̀yà bàálù ńlá tó ń kó èrò ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì Cessna. Rínìngì ń jẹ, ojúbọ̀ fáàfù ń fẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré kì í gbó. Ohun tí iye wọ̀nyí bì ṣubú ni ìgbàgbọ́ pé tuntun àti àlàáfíà jẹ́ ohun kan náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí a tú la gbọ́dọ̀ dì padà, ibi tí a bá sì ti ń di nǹkan ni a ti lè ṣì í dì. Sìlíńdà dúró lórí bọ́ọ̀tì tó gba àárín ara ẹ́ńjìnnì kọjá, bọ́ọ̀tì yẹn kan náà ló sì ń fún bẹ́ríìnì kiráńkì mú. Bí wọn kò bá fún un tó ìwọ̀n tí ìwé kọ, bóyá nítorí pé wọ́n fi kun sábẹ́ nọ́ọ̀tì, bẹ́ríìnì lè yí kúrò láyè rẹ̀, kó dínà ọ́ìlì, kí ẹ́ńjìnnì sì há lófurufú. Àìbìkítà irú èyí ló ń bí mi nínú, nítorí pé kò sí wákàtí tó fà á. Kun díẹ̀ tí ẹnì kan kò ní sùúrù láti nù ló fà á.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú ìpolówó. Wọ́n á ní wákàtí ẹ́ńjìnnì náà ti padà sí òdo. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì, tàbí ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà bá fún láṣẹ, nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ tuntun láti òdo, lẹ́yìn tó bá ti mú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n tuntun. Ṣọ́ọ̀bù yòókù, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kò lè nu wákàtí àtijọ́ nù. Ó sì lè dá ẹ̀yà tó ti jẹ díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, bí kò bá ti kọjá ààlà tí ìwé gbà láyè. Ojúlówó iṣẹ́ ni, kò sí àbùkù níbẹ̀. Pípè é ní tuntun ni irọ́.

Kí ló wá yẹ kó sọ ìgbà tí a ó tú ẹ́ńjìnnì? Ìlera rẹ̀ ni, ó sì ṣeé mọ̀. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kí wọ́n gé fílítà, kí wọ́n tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, kí wọ́n wo ohun tó ń dán níbẹ̀. Bí òòfà bá gbé e, irin ni. Bí kò bá gbé e, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù. Kí wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ihò plọ́ọ̀gì, kí wọ́n wo fáàfù tó ń tú èéfín jáde. Èyí tó yè, àwọ̀ rẹ̀ yí ká dọ́gba bí ojú òṣùpá. Èyí tó ti ń jóná, etí kan rẹ̀ á ti yàtọ̀. Kí wọ́n fún sìlíńdà ní afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 80 psi, kí wọ́n wo iye tó dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́tí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ̀ẹ́ jáde lẹ́nu páìpù èéfín, fáàfù ni. Bó bá ń gba ojú ibi tí a ti ń da ọ́ìlì, rínìngì ni. Nígbà púpọ̀, sìlíńdà kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn, títú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí rẹ̀ kò sì bọ́gbọ́n mu.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé àtúntò tọ́ sí i lóòótọ́, ọwọ́ tí yóò ṣe é ló kù. Àwọn kan gbà pé oníbàálù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án rárá. Òótọ́ ni pé kò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú mẹkáníìkì tó ní ìwé àṣẹ, bí mẹkáníìkì náà bá wà níbẹ̀ tó ń wo iṣẹ́, tí oníbàálù sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà. Bí wọ́n bá ń ṣe é dáadáa, ẹnì kan á ka ìwọ̀n láti inú ìwé sókè, ẹnì kejì á fi sípánà fún nọ́ọ̀tì, yóò sì fi ọ̀dà díẹ̀ sàmì sí i kí ojú lè rí èyí tó ti di. Kiráńkì á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi òòfà wá ibi tó là tí ojú kò rí. Nígbà tí wọ́n bá sì tan án, wọn kò ní jẹ́ kó máa kùn lórí ilẹ̀ títí. Wọn á fi ọ́ìlì lásán tí kò ní èròjà ìfọ̀ sí i, wọn á sì wà á pẹ̀lú agbára kí rínìngì lè bá ara sìlíńdà mu.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra bàálù tí wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò, kó má wulẹ̀ béèrè wákàtí. Kó béèrè ta ló tò ó, ẹ̀yà wo ni wọ́n pààrọ̀, èwo ni wọ́n dá padà, kí ni wọ́n bá nínú fílítà àkọ́kọ́ àti ìkejì, àti oṣù mélòó ni bàálù náà fi jókòó láìfò. Bí olùtajà kò bá ní ìwé tó dáhùn wọ̀nyí, kó fowó rẹ̀ sápò.