Ẹ̀rọ Áísìkirímù Nínú Ilé: Èwo Ló Bá Iná Àdúgbò Yín Mu?

Bí ooru ṣe ń mú yìí, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó tún bi mí nípa ẹ̀rọ tó ń ṣe áísìkirímù nínú ilé. Ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: èló ni, ibo ni wọ́n ti ń tà á? Èmi náà á bi wọ́n padà pé: wákàtí mélòó ni iná ń lò ládùúgbò yín? Torí iná ló máa sọ irú èyí tó yẹ kí ẹ rà. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá iná rẹ̀ mu, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa gbé e sí, eruku á sì bò ó.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an?

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀: ó ń mú nǹkan tutù, ó sì ń rò ó. Bí ẹ bá po mílíìkì mọ́ ṣúgà, tí ẹ gbé e sínú fíríìsà lásán, omi inú rẹ̀ á dì ní wóró ńláńlá, á sì máa dún kárakára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dì lára abọ́ ni ọwọ́ ẹ̀rọ ń ha á kúrò, tó ń rò ó. Yìnyín inú rẹ̀ á kéré débi pé ahọ́n ò ní mọ̀ ọ́n lára. Afẹ́fẹ́ náà á wọ inú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó fúyẹ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1843 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Nancy Johnson gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ áísìkirímù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ohun tí iná mànàmáná ṣe ni pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apá.

Oríṣi mẹ́ta tó wà

*Alábọ́ dídì.* Èyí ló sábà máa ń wọ́n díẹ̀ jù. Abọ́ rẹ̀ ní omi kan láàárín ara rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé abọ́ náà sínú fíríìsà tó tutù dé -18°C fún nǹkan bíi wákàtí 16 sí 24 kí ẹ tó lò ó. Ẹ mì í létí: bí ẹ bá ń gbọ́ omi, kò tíì ṣetán. Iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò tó nǹkan, fíríìsà ni wàhálà. Níbi tí iná bá ti ń ṣe mọ́lẹ̀-kú-mọ́lẹ̀-kú, abọ́ náà ò ní dì dáadáa láéláé.

*Oní-compressor.* Èyí ní ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ tó ń mú nǹkan tutù, irú èyí tó wà lẹ́yìn fíríìjì. Ó wọ́n, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n kò nílò fíríìsà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín wákàtí kan, ó sábà máa ń parí. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ iná tó wà láàárín 100 sí 200 watt, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí inverter tó mọ́yán lórí lè gbé e. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ jẹ́ kó nàró fún wákàtí bíi mélòó kan kí ẹ tó tàn án.

*Oníyìnyín àti iyọ̀.* Agolo onírin ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó da yìnyín àti iyọ̀ yí i ká, mọ́tò á sì máa yí i. Iyọ̀ ń jẹ́ kí yìnyín yọ́ nígbà tó ṣì tutù ju 0°C lọ, bó ṣe ń yọ́ ló ń fa ooru jáde lára mílíìkì. Ẹ lè ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún àwọn olómi tútù.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé: bí fíríìsà yín bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ ra alábọ́ dídì, ẹ má náwó jù. Bí iná bá ń wá fún wákàtí díẹ̀ péré, ẹ wo oníyìnyín. Bí owó bá wà, tí ẹ sì fẹ́ máa ṣe é léraléra, oní-compressor ni.

Bí a ṣe ń ṣe é

Èyí tó fún abọ́ lítà kan ààbọ̀ nìyí, kò lẹ́yin nínú:

- Omi: 450 ml
- Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tó ní ọ̀rá: 100 g
- Ṣúgà: 140 g
- Kiríìmù olómi tí àwọn oníkéèkì ń nà: 250 ml
- Iyọ̀ fínńfín, fànílà ṣíbí kékeré kan

Ẹ po omi, mílíìkì, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀, ẹ gbé e kaná títí á fi máa yọ èéfín, kó máà hó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da kiríìmù àti fànílà sí i. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú omi yìnyín kó tètè tutù, kó tó wọ fíríìjì. Ó kéré tán, kó lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀.

Ẹ tan ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á sí i, torí bí ẹ bá dà á sínú abọ́ dídì tí kò tíì máa yí, á lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ ẹ̀rọ á sì há. Ẹ má jẹ́ kó kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, á ki bí èyí tí wọ́n ń fún sórí kóònù. Ẹ kó o sínú ike, kó lọ parí dídì nínú fíríìsà.

Ẹ má gé ṣúgà kù jù. Ti adùn nìkan kọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí gbogbo omi inú rẹ̀ dì tán. Bó bá kéré jù, á le bí òkúta. Bó bá pọ̀ jù, kò ní dì.

Ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu lè lo máńgòrò tó pọ́n: 600 g tí ẹ ti lọ̀, ṣúgà 120 g, omi 100 ml, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá kan.

Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ àárín rírò ni, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú abọ́ dídì. Ẹ fi ṣíbí ike, kì í ṣe ti irin, rò ó lọ, tàbí kí ẹ tètè kó o kúrò.

Bó bá jẹ́ pé ó ti dì, tí iná wá lọ, ẹ má máa ṣí fíríìsà wò. Bó bá ti yọ́ di omi, tí òtútù ti kúrò lára rẹ̀, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, kiríìmù kò rọjú. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn, oorun ló ń kùn ún. Bí ara áísìkirímù bá ti gbóná, wọ́n á jí, wọ́n á pọ̀ sí i, bí ẹ bá sì tún un dì, ṣe ni wọ́n á padà sùn síbẹ̀. Ọmọdé, aláboyún àti àgbàlagbà nirú rẹ̀ ń tètè dá dùbúlẹ̀. Owó mílíìkì tí ẹ dà nù kò tó owó ọsibítù.