Ọgọ́rùn-ún Aláìsàn Ìlú Perth

Bí a bá ti dárúkọ Barry Marshall, omi tó kún fún kòkòrò àrùn tí ó gbé mu lọ́dún 1984 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ìtàn náà dùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n èébì ló bì, ara àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Kò ní ọgbẹ́ inú. Ìdánwò oògùn tí dókítà ará Ọsirélíà yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Perth, tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde lọ́dún 1988, ló yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Lákòókò náà, omi kíkan inú ni àwọn oníṣègùn ń dá lẹ́bi fún ọgbẹ́ inú. Cimetidine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976, ń dín omi náà kù, ọgbẹ́ a sì jinná. Oògùn rere ni, ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ bí aláìsàn bá ti dá a dúró, ọgbẹ́ a tún padà. Nítorí náà, àwọn mìíràn ń lò ó lọ́dọọdún láìdáwọ́ dúró. (Ẹni tó ń tà á kò ní ka ìyẹn sí àdánù.)

Robin Warren ti rí kòkòrò kan nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn láti ọdún 1979, èyí tí a ń pè ní Helicobacter pylori lónìí. Ìbéèrè tó kù ni pé: bí a bá pa kòkòrò náà, ṣé ọgbẹ́ yóò ṣì padà?

Àwọn 100 tí wọ́n ní kòkòrò náà, tí ọgbẹ́ sì wà níbẹ̀rẹ̀ ìfun wọn, ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn kan lo cimetidine, àwọn yòókù lo bismuth, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ní ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, wọ́n fi tinidazole, oògùn apakòkòrò, kún ti àwọn kan; àwọn mìíràn gba ohun tó jọ ọ́ tí kò lágbára kankan, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun wọn wo ìfun wọn fún ọdún kan.

Kòkòrò náà kò kúrò lára ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó lo cimetidine nìkan. Lára àwọn tó lo bismuth pẹ̀lú tinidazole, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí kòkòrò ti ṣẹ́ kù, ọgbẹ́ padà sára ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti jinná. Níbi tó ti tán, ìdá 21 péré ni.

Ọdún 1988 yẹn kan náà ni James Black, tó darí ìwádìí tó bí cimetidine, gba ẹ̀bùn Nobel. Ó di ọdún 2005 kí Marshall àti Warren tó gba tiwọn. Ní ti àwọn aláìsàn, ọdún 1994 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ tó fẹnu kò pé kí a máa fi oògùn apakòkòrò tọ́jú ẹni tó bá ní ọgbẹ́ àti kòkòrò yìí. Ọdún mẹ́fà gbáko ti kọjá lórí ẹ̀rí Perth.