Táǹkì àti Pọ́ǹpù Epo fún Ọkọ̀ tí a Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Táǹkì epo ni àpò irin tàbí ike tí ọkọ̀ ń tọ́jú bẹntiróòlù sí. Pọ́ǹpù epo sì ni ẹ̀rọ tí ń ti bẹntiróòlù náà lọ bá ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ènìyàn bá yọ ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá ọkọ̀ rẹ̀, tí ó fẹ́ fi òmíràn tí ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò, ohun méjèèjì yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń rò kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí wọ́n rà ní Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí ní ọjà ASPAMDA lọ́nà Àgbádárìgì, ti jókòó sínú ọkọ̀ tí owó sì ti tán lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní Èkó Arómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, pàápàá lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nà láti Lekki dé Ajah láàárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà wá. Èkínní ni ti àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, àwọn Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna àti Volkswagen Beetle tí wọ́n tò ní Ọjọ́, ní iléeṣẹ́ méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èkejì ni ti àwọn tí ọ̀wọ́n epo lé dé ìdí iṣẹ́ yìí: lẹ́yìn tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan ní Èkó sì fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488, àwọn kan yọ ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà nínú jíìpù wọn, wọ́n fi ti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin sí i. Yálà ti èkínní ni o tàbí ti èkejì, ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀lé e ni: bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà.

Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo ló ṣe pàtàkì jù, ó ju títóbi táǹkì lọ fíìfíì. Pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì 504 àti Beetle, tí yíyí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń mú ṣiṣẹ́, kì í sábà ju psi 3 sí 6 lọ (psi ni ìwọ̀n agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Ìyẹn sì tó kábúrétọ̀, nítorí pé kábúrétọ̀ ní ìkòkò kékeré tirẹ̀ tí ó ń gba epo dúró sí. Ẹ́ńjìnnì onínjẹ́kítọ̀, èyí tí ẹnu kékeré ń fọ́n epo sínú rẹ̀, kò ní ìkòkò bẹ́ẹ̀, nǹkan bí psi 40 sí 60 ló sì ń fẹ́. Ẹni tí ó gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó fi pọ́ǹpù àtijọ́ sílẹ̀ yóò ta á títí bátìrì yóò fi kú, kò ní jí. Ẹni tí ó sì fi pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀ bọ́ kábúrétọ̀ ti pe iná wá sílé, nítorí epo yóò fi ipá ṣí abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀, yóò sì ya bo irin gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ páìpù ìpadà ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì wa. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtẹ̀yìnwá, bí irú 5S-FE ti Toyota, ní régúlétọ̀ tí ń darí psi lórí irin ínjẹ́kítọ̀, èyí tí ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí táǹkì. Ọ̀pọ̀ ti ìwòyí kò ní páìpù ìpadà rárá, inú táǹkì ni régúlétọ̀ wọn wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti irú èkínní tí táǹkì sì jẹ́ ti irú èkejì, ọba méjì kì í jẹ ní ìlú kan náà: kí a la ọ̀nà ìpadà sí táǹkì kí régúlétọ̀ orí ẹ́ńjìnnì máa jọba, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò kí ti inú táǹkì máa darí, bí ìwọ̀n psi rẹ̀ bá bá ti ẹ́ńjìnnì mu. Kí a má ṣe fi bóòtù dí ẹnu páìpù ìpadà lásán.

Ní ti iye epo, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 150 tí ń sa gbogbo ipá rẹ̀ yóò mu nǹkan bí lítà 46 ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù tí ó bá lè ti lítà 55 sí 60 ní psi tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ti tó o. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wá pọ́ǹpù Walbro tí ń ti lítà 255, èyí tí ó ń fa iná bátìrì, tí ó sì ń yí epo po títí yóò fi gbóná. Owó àfiṣòfò ni, àfi fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára púpọ̀.

Táǹkì àtilẹ̀wá ni kí ènìyàn dì mú bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí ó bá àyè rẹ̀ mu, ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, gééjì epo inú ọkọ̀ sì mọ èdè rẹ̀. Àbùkù ti ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ni pé kò ní agbada nínú tí yóò há epo mọ́ ẹnu pọ́ǹpù, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ti kọ igun tí epo sì kù díẹ̀, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò fà. Àtúnṣe tí ó rọrùn ni agolo lítà kan tàbí méjì tí pọ́ǹpù kékeré ń rọ epo kún, tí pọ́ǹpù ńlá sì ń fà láti inú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa gé táǹkì kí wẹ́dà lè jó agbada mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfìfo táǹkì léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí òórùn epo tí ó kù nínú rẹ̀ ni ń bú gbàmù. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ilẹ̀ etí òkun Lekki sí Ajah yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ táǹkì irin láti ìsàlẹ̀, àgbàrá òjò sì ń kún bo ọ̀nà àwọn ẹ́sítéètì, ó ń wọ inú epo bí ihò ìmí táǹkì bá wà nísàlẹ̀. Òkè ni kí ihò náà wà. Táǹkì ike kì í dípẹtà. Nínú sunkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, epo tí pọ́ǹpù rì sí nìkan ló ń tù ú lára, nítorí náà ẹni tí ń ra epo díẹ̀díẹ̀ tí kò jẹ́ kí táǹkì kọjá ìlà pupa ń sun pọ́ǹpù rẹ̀ ni. Nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, rọ́bà páìpù epo tí kò jẹ́ ojúlówó ló wà nínú ewu jù, nítorí mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa jẹ rọ́bà. Rọ́bà tí a kọ J30R9 sí lára ni ti ínjẹ́kítọ̀, J30R7 kò tó o.

Kí rẹwáyà fa wáyà nípọn láti bátìrì, kí ó gba inú fúùsì àti rílè, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa sọ pọ́ǹpù tuntun di ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò: kí pọ́ǹpù rọ epo sínú agolo ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, kò gbọdọ̀ dín sí ààbọ̀ lítà, kí a wá so gééjì tí ń wọn psi mọ́ ojú gíláàsì lóde, kí epo táǹkì wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí a sì fi ọkọ̀ gun afárá Ajah pẹ̀lú ipá. Bí ọwọ́ gééjì bá wálẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé orí afárá, fílítà ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ wáyà, kí a tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi.