Ẹni Tí Ejò Bù Jẹ Rí

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó ń wọ́ nílẹ̀ ti tó dẹ́rù bà á. Òwe náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ni àìsàn tí jàǹbá ńlá máa ń fi sílẹ̀ lọ́kàn èèyàn, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní PTSD, tó wọ ìwé àkójọ àìsàn wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam.

Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rántí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ọ̀hún tún máa ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù tí ológun kó pa mọ́ ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, bẹ́ẹ̀ bọ́ǹbù kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ wọn: ibi tí wọ́n ti ń sá ni wọ́n ti kó sí kánáàlì Òkè-Àfà. Ẹni tó là á já, tó ń sọ ọ́ lónìí tomijé-tomijé, ó mọ̀ pé ó ti kọjá. Ìrántí nìyẹn, bó ti wù kó dùn ún tó. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé bí báńgà ọdún Kérésì bá dún, ọdún 2002 ló pa dà sí: àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì, òógùn á bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gba títì kí orí rẹ̀ tó bá a. Ekòló tiẹ̀ ṣì jọ ejò. Fún irú ẹni yìí, òórùn omi kánáàlì lásán tó.

Àwọn kan á ní ojo ni. Ohun tí àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì náà rò nìyẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n yìnbọn pa àwọn sójà tiwọn tí wọ́n ní wọ́n sá lójú ogun tàbí wọ́n ṣojo. Ara àwọn kan nínú wọn ò yá. Ọdún 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí ji 306 nínú wọn.

Òwe wa náà sì sọ àsọdùn díẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ejò bù jẹ ló ń sá títí ayé. Ọ̀pọ̀ ẹni tójú wọn rí màbo, fúnra ara wọn ló ń balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn kì í fi í pe jìnnìjìnnì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní PTSD, àfi tó bá lé lóṣù kan.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àṣìṣe wa ni pé ká mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú jókòó, ká ní kó rò ó látòkè délẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ìwádìí fi hàn pé èyí kì í dènà àìsàn náà. Oúnjẹ, oorun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló nílò. Tí jìnnìjìnnì náà kò bá lọ lẹ́yìn oṣù kan, ìgbà náà ni sísọ ọ́ tó kàn, lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Kódà ẹni tó ti ń bá a fínra láti ọdún 2002 ṣì lè rí ìwòsàn gbà bẹ́ẹ̀.