Ta ni Ìbọ̀wọ́ Ń Dáàbò Bò?

Nítorí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ Johns Hopkins ní Baltimore, ní nǹkan bí ọdún 1889 sí 1890. Kẹ́míkà apakòkòrò ti ba awọ ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà, Caroline Hampton, jẹ́, dókítà oníṣẹ́ abẹ William Halsted sì ní kí iléeṣẹ́ Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún un. Ó tó ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó kíyè sí i pé ojú iṣẹ́ abẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ kẹ̀ mọ́ bí gbogbo oníṣẹ́ abẹ bá wọ̀ ọ́.

Èrò ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bò, ṣì wà ní wọ́ọ̀dù títí dòní: ọkàn ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ balẹ̀, a kò sì bi aláìsàn bóyá tirẹ̀ náà balẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ òwúrọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tú báńdéèjì egbò. Ọwọ́ kan náà ló fi fa kọ́tìnì, tó fi yọ bírò lápò, tó fi gbá irin ibùsùn kejì mú, tó sì fi tún abẹ́rẹ́ dírììpù ọmọdé tó wà níbẹ̀ ṣe. Ká ní ọwọ́ lásán ló fi tú egbò náà ni, ìríra ìbá ti lé e dé ìdí omi.

Ìbọ̀wọ́ a máa ní ihò tí ojú kò rí. Bí a bá sì ń bọ́ ọ, ìdọ̀tí a máa ta sí ọrùn ọwọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2009 kò fi yọ oníbọ̀wọ́ sílẹ̀ nínú fífọ ọwọ́: sanitáísà fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, tàbí ọṣẹ àti omi fún 40 sí 60.

Ní Vienna lọ́dún 1847, kò sí ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Dókítà Ignaz Semmelweis ní kí àwọn tó ń ti yàrá òkú bọ̀ fi omi kílórínì fọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Lóṣù Kẹrin, kí àṣẹ náà tó dé, nǹkan bí ìyá 18 nínú 100 ló kú. Lóṣù Kẹfà, ó lé díẹ̀ ní 2.

Ṣé a ti gbàgbé Ẹ̀bólà tó wọ Èkó ní 2014 ni? Rárá o. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì bá wà, ìbọ̀wọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé mọ̀lẹ́bí aláìsàn la sábà ń rán lọ rà á. Bí wọ́n bá ra ẹyọ méjì, nọ́ọ̀sì a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, n kò sì lè dá òun nìkan lẹ́bi. Ní ti sanitáísà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ bí ilé ìwòsàn ṣe lè pò ó fúnra rẹ̀: ẹtanọ́ọ̀lì ìdá 80 nínú 100, hídírójìn pẹrọ́ksáìdì díẹ̀, gilisẹrín díẹ̀ kí awọ má baà gbẹ, àti omi sísè tó ti tutù. Ìgò kan lẹ́bàá ibùsùn kọ̀ọ̀kan ni mo ń bèèrè fún.